ẸYIN NÍ Í DI ÀKÙKỌ: Ẹ̀kọ́ Lórí Sísin Adìẹ Alámì Tóótòòtó Lẹ́yìnkùlé



Ọ̀rọ̀ adìẹ ni a mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Ìdílé tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dé ibùdó àgbẹ̀, kí iṣu tó ta, kí àgbàdo tó gbó, adìẹ ni ó máa ń kọ́kọ́ di owó lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni a ń tà ra ìwé ọmọ. Òun ni a fi ń ṣe àlejò. Òun náà ni a ń gbé lọ́wọ́ nígbà tí a bá fẹ́ lọ kí àwọn onílẹ̀ tí ó fún wa láàyè. Ṣùgbọ́n ní ibùdó, ilé súnmọ́ ilé, adìẹ gbogbo ilé sì ń jẹ̀ pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ọ̀rọ̀ “tèmi ni” a bẹ̀rẹ̀. Adìẹ pupa jọ pupa, dúdú jọ dúdú. Ìjà tí kò yẹ kí ó wáyé láàárín àwa àti àwọn tí a bá lórí ilẹ̀ lè ti ibi àgbébọ̀ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi dára kí ìdílé ní agbo adìẹ tí ó ní àwọ̀ tirẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá rí yóò mọ̀ pé ti ilé lágbájá ni. Adìẹ alámì tóótòòtó, tí funfun wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni wọ́n ẹ̀fun sí i, dára fún èyí. Ó rọrùn láti dá mọ̀, ó sì ń wu ojú lọ́jà.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: àmì kì í tètè hàn. Àwọn ọmọ tí ẹ ó kọ́kọ́ pa lè ṣàì ní àmì kankan lára, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó bá kó wọn lọ sọ́jà nítorí pé wọn kò lámì ti ta irúgbìn rẹ̀ dànù.

1. ÀMÌ YÀTỌ̀ SÍ ÌLÀ

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń wá. Adìẹ alámì ni èyí tí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ funfun, tí ìyókù ìyẹ́ náà sì dúdú tàbí pupa. Irú rẹ̀ tí a mọ̀ káàkiri ayé ni Ancona, tí ó gba orúkọ lára ìlú èbúté kan ní Ítálì. Dúdú ni, funfun sì wà ní ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀. Sussex alámì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà wà, tí ara rẹ̀ pupa, tí dúdú díẹ̀ sì là á láàárín pupa àti funfun. Láàárín àwọn adìẹ ìbílẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú, a máa ń rí àwọn alámì báyìí.

Adìẹ onílà yàtọ̀. Ìlà funfun àti dúdú ni ó dábùú ìyẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé orí, bíi ti Plymouth Rock onílà tí ó wá láti Amẹ́ríkà. Ọ̀nà tí ìlà ń gbà dé ara ọmọ kì í ṣe ọ̀nà tí àmì ń gbà. Àgbébọ̀ onílà kì í fi ìlà rẹ̀ fún ọmọbìnrin. Ọmọkùnrin nìkan ni ó ń fi í fún. Bí ẹ bá fi àkùkọ dúdú gun àgbébọ̀ onílà, gbogbo akọ tí ẹ óò pa ni yóò ní ìlà, gbogbo abo ni kò ní ní in. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá jáde gan-an ni ẹ lè mọ akọ yàtọ̀ sí abo, nítorí àwọn akọ yóò ní ẹ̀ẹ̀kán funfun lórí. Ó wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá àmì kò gbọdọ̀ mú onílà wọ inú agbo rẹ̀, kí iṣẹ́ má baà dàrú.

2. IBI TÍ ÀMÌ TI Ń WÁ

Àwọn kan gbà pé ohun tí àgbébọ̀ bá ń wò nígbà tí ó ń yé ni ọmọ rẹ̀ yóò jọ, wọn a sì máa tọ́ka sí ìtàn Jákọ́bù àti àwọn ọ̀pá tí ó bó síwájú agbo ẹran. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ní ti adìẹ tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí, láti inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ni àwọ̀ ti ń wá.

Gbogbo òròmọdìẹ ni ó ń gba ìpín méjì lórí ọ̀rọ̀ àmì: ìpín kan láti ọ̀dọ̀ àkùkọ, ìpín kan láti ọ̀dọ̀ àgbébọ̀. Bí ìpín méjèèjì bá jẹ́ ti àmì, adìẹ náà yóò ní àmì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ti àìlámì, òun ni yóò borí èkejì, adìẹ náà yóò sì dúdú tàbí kí ó pupa lásán. Ó lè jẹ́ ìyẹ́ méjì mẹ́ta péré ni funfun yóò kàn. Ṣùgbọ́n ìpín tí a borí kò kú. Ó sá pamọ́ ni, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò pàdé ẹnìkejì rẹ̀.

Òfin yìí kì í ṣe tuntun. Gregor Mendel, àlùfáà kan tí ó gbé ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí, ni ó kọ́kọ́ tẹ irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1866 láti inú ẹ̀wà tí ó ń gbìn. Ní 1902, William Bateson ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé adìẹ náà ń tẹ̀ lé e. Ní 2014 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Japan wá rí ibi tí ìpín àmì yìí wà gan-an nínú ara adìẹ.

3. YÍYAN BÀBÁ ÀTI ÌYÁ

Ẹ wá àkùkọ alámì kan tí ara rẹ̀ le. Àmì nìkan kò tó. Ẹ wò ó bóyá ojú rẹ̀ mọ́, bóyá ogbe rẹ̀ pọ́n, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ gún, bóyá kò fa ìyẹ́ lé ara bí ẹni tí òtútù ń mú. Àkùkọ tí ó lẹ́wà tí ó ń húkọ́ kò wúlò fún wa.

Ẹ yan àgbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àgbébọ̀ dúdú ni ó dára jù, nítorí lára dúdú ni àmì funfun ti ń hàn ketekete. Ẹ má lo àgbébọ̀ funfun. Àwọ̀ funfun a máa bo àwọ̀ mìíràn mọ́lẹ̀. Bí ó bá ní àmì, kò sí ẹni tí yóò rí i. Yàtọ̀ sí èyí, àwòdì ń rí òròmọdìẹ funfun láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ wo ìwà àgbébọ̀ pẹ̀lú: èyí tí ó ń yé ẹyin bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń sàba dáadáa, tí ó sì ń jà fún ọmọ rẹ̀. Bí ẹ bá ní adìẹ tí ọrùn rẹ̀ kò níyẹ̀ẹ́, ẹ má lé e jáde nítorí pé kò lẹ́wà. Ooru kì í tètè mú un, èyí sì jẹ́ èrè ńlá ní àwọn ibi tí ooru ti pọ̀ bí àfonífojì odò Ọya àti Benue.

Ọ̀rọ̀ kan nípa ọjọ́ orí: ní ọdọọdún tí adìẹ alámì bá pa ìyẹ́ àtijọ́ dà tí ó sì hu tuntun, funfun ara rẹ̀ a máa pọ̀ sí i. Nítorí náà, èyí tí àmì rẹ̀ mọ níwọ̀n nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ ni kí ẹ yàn. Èyí tí ó ti funfun jù láti kékeré yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di adìẹ funfun tí ó bá dàgbà.

4. YÍYÀ WỌ́N SỌ́TỌ̀

Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bàjẹ́. Àgbébọ̀ tí àkùkọ ti gùn a máa tọ́jú àtọ̀ rẹ̀ sínú fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bí ẹ bá gbé àkùkọ alámì wọlé lónìí, tí ẹ sì kó ẹyin ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ sàba, ọmọ àkùkọ aládùúgbò lè pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn àgbébọ̀ náà sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ gbogbo àkùkọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó fi àkùkọ alámì sí àárín wọn. Ọgbà tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, yóò gba àkùkọ kan àti àgbébọ̀ márùn-ún. Ẹ lè fi ọparun tàbí wáyà ṣe é, kí ẹ sì fi koríko bo apá kan fún òjò àti oòrùn. Ẹ bò ó lókè pátá, kí àkùkọ mìíràn má baà fò wọlé.

Adìẹ tí a sé mọ́ kò lè jẹ̀ kiri, àwa ni a ó bọ́ ọ. Ẹ fún un ní àgbàdo tàbí ọkà bàbà, èérí, kùlìkúlì tí a gún, ikán bí ẹ bá rí i, àti ewé tútù. Ẹ gún ìkarahun ìgbín tàbí ti ẹyin tí a ti sè kúnná fún un, kí ẹyin rẹ̀ má baà ní èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má gbàgbé òkúta wẹ́wẹ́; àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé adìẹ ń jẹkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun kò léyín. Òkúta yẹn gan-an ni eyín rẹ̀.

Ẹ máa kó ẹyin lójoojúmọ́ sí ibi tútù. Èyí tí kò tíì ju ọjọ́ méje lọ ni ó dára jù fún sísàba. Lẹ́yìn ọjọ́ 21, àwọn òròmọdìẹ yóò jáde.

5. ÌRAN KÌÍNÍ: Ẹ MÁ TÀ WỌ́N

Bí àwọn ìyá kò bá ní ìpín àmì rárá, gbogbo òròmọdìẹ wọ̀nyí ni yóò dàgbà láìlámì. Ojú lè ti ẹni tí ó ná owó ra àkùkọ. Aládùúgbò lè máa rẹ́rìn-ín pé, “Àmì náà dà?” Ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ wọ̀nyí gba ìpín àmì kan láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹyin ní í di àkùkọ.

Ẹ tún kíyè sí èyí: òròmọdìẹ dúdú lásán a máa ní funfun ní ikùn àti ní ṣóńṣó apá nígbà tí ó wà ní kékeré. Bí ó bá dàgbà, funfun náà yóò lọ. Nítorí náà, ẹ má fi irun òròmọdìẹ dájọ́. Ẹ dúró títí yóò fi pé oṣù márùn-ún sí mẹ́fà tí ìyẹ́ àgbà bá hù tán.

Ẹ so òwú pupa mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún gbogbo ọmọ ìran kìíní, kí ẹ máa tú u so ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì bí ẹsẹ̀ wọn ti ń nípọn, kí okùn má baà gé wọn lẹ́sẹ̀. Bí owó bá le, ẹ ta àwọn adìẹ mìíràn. Ẹ ta nínú àwọn akọ onípupa wọ̀nyí pàápàá bí wọ́n bá pọ̀ jù, nítorí akọ kan tàbí méjì ti tó. Ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn abo dúró.

6. ÌRAN KEJÌ: NÍBÍ NI ÀMÌ TI Ń YỌ

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà, ẹ wo èyí tí agbára yín ká:

(a) Bí ẹ bá fi akọ ìran kìíní gun abo ìran kìíní, nínú òròmọdìẹ 20, ó súnmọ́ 5 tí yóò ní àmì.

(b) Bí ẹ bá fi àkùkọ alámì gun abo ìran kìíní, nínú 20, ó súnmọ́ 10 tí yóò ní àmì.

(d) Bí ẹ bá fi alámì gun alámì, gbogbo ọmọ ni yóò ní àmì.

Iye wọ̀nyí kì í ṣe ìlérí lórí ẹyin kọ̀ọ̀kan. Ó dà bí ẹni tí ó ń ju owó ẹyọ sókè: bí ó bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, orí lè yọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí ó bá jù ú ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, yóò súnmọ́ ìdajì. Nítorí náà, bí àgbébọ̀ kan bá pa ọmọ mẹ́fà tí kò sí alámì nínú wọn, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ pa ìsọ̀rí kejì.

Láti ọjọ́ tí a ya àgbébọ̀ sọ́tọ̀ títí di ọjọ́ tí a ó rí alámì ìran kejì tí ó dàgbà tán, yóò tó ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò gùn tó iṣẹ́ ẹni tí ó gbin kòkó.

7. Ẹ MÁ SIN ADÌẸ NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀ KAN NÁÀ

Ẹ ó ti rí i pé ọ̀nà (b) ni ó yá jù. Ìdẹwò tí ó wà níbẹ̀ ni kí a kàn dá àwọn ọmọ padà fún bàbá wọn, kí a sì tún dá ọmọ ọmọ padà fún un. Bí a bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, agbo lè fara dà á. Bí a bá sọ ọ́ di àṣà, ẹyin tí kì í pa yóò pọ̀, òròmọdìẹ yóò máa kú, ara àwọn tí ó kù kò ní lè kojú àìsàn. A óò ní àmì, a kò sì ní ní adìẹ.

Ohun tí ó dára jù ni pàṣípààrọ̀. Kí ìdílé méjì tàbí mẹ́ta wá àkùkọ alámì láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìran kìíní bá dàgbà, kí ẹ pààrọ̀ àkùkọ láàárín ara yín. Ẹ má fi í mọ sáàárín àwa Yorùbá nìkan. Àwọn tí a bá lórí ilẹ̀ náà ń sin adìẹ kí a tó dé. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ wọn ti mọ́ ooru àti òtútù ibẹ̀ lára. Ẹni tí ó bá yá ọ ní àkùkọ ní ọdún yìí, tí ó gba alámì méjì lọ́wọ́ rẹ ní ọdún tí ń bọ̀, kì í tètè bá ọ jà lórí adìẹ mọ́.

8. ÀÌSÀN KÒ MỌ ÀMÌ

Lùkúlùkú ni ọ̀tá wa tí ó tóbi jù, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ní ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀, ó lè gbá iṣẹ́ ọdún kan lọ láìku ẹyọ kan. Kò sí oògùn tí ó ń wò ó tí ó bá ti wọlé. Àjẹsára ni a fi ń dènà rẹ̀. Ilé ìwádìí àìsàn ẹran tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe irú àjẹsára tí ó wà fún adìẹ ìbílẹ̀, tí ooru kì í tètè bà jẹ́, tí a ń kán ẹ̀kán kan sí ojú adìẹ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran tí ó súnmọ́ yín. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni a ń tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sí ìgbà tí ọyẹ́ kò tíì dé. Kí gbogbo ibùdó ṣe é lọ́jọ́ kan náà, torí adìẹ ẹni tí kò ṣe é ni yóò gbé àìsàn kiri.

Adìẹ tí ẹ bá rà tàbí tí ẹ gbà ní pàṣípààrọ̀, ẹ ya òun nìkan sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó dara pọ̀ mọ́ agbo. Ní oṣù kejì ọdún 2006 ni a kéde àìsàn inú adìẹ tí ó lè ran ènìyàn ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, láti oko adìẹ kan ní Jaji, ìpínlẹ̀ Kaduna. Nítorí náà, bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ má jẹ wọ́n, ẹ má tà wọ́n, ẹ má jù wọ́n sódò. Ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹran.

9. ÌWÉ ADÌẸ

Ẹ fún ọmọ kan tí ó mọ ìwé kọ ní ìwé kékeré kan. Kí ó kọ ọjọ́ tí a ya àgbébọ̀ sọ́tọ̀, ọjọ́ tí a gbé àkùkọ wọlé, iye ẹyin tí a fi sàba, iye tí ó pa, àwọ̀ òwú tí ó wà lẹ́sẹ̀ wọn, iye tí ó ní àmì nígbà tí wọ́n dàgbà, àti ọjọ́ àjẹsára. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, bí ìran kejì bá dé, kò ní mọ ọmọ ta ni ta ni.

Nígbà tí ẹ bá sì ń tà, ẹ sọ òtítọ́. Bí ẹnìkan bá fẹ́ ra ọmọ ìran kìíní, ẹ sọ fún un pé kò ní àmì lára, ó gbé e sínú ni, kí ẹ sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Orúkọ rere ni àlejò fi ń di onílé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

(1) Kí ni ìyàtọ̀ láàárín adìẹ alámì àti adìẹ onílà?

(2) Èéṣe tí a fi ń ya àgbébọ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?

(3) Ìyá Àdùkẹ́ fi àkùkọ alámì gun àgbébọ̀ dúdú. Ó pa ọmọ méjìlá, kò sí alámì kankan. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó tà wọ́n kí ó fi owó rẹ̀ ra irúgbìn àgbàdo. Ìmọ̀ràn wo ni ẹ ó fún àwọn méjèèjì?

(4) Ta ni a lè bá pààrọ̀ àkùkọ ní ibùdó wa àti ní abúlé tí ó yí wa ká? Ẹ kọ orúkọ ìdílé mẹ́ta sílẹ̀ kí ìpadé tó tú ká.